Ewéko Àìkú ní Etí Odò Ouse

Ìlú York wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlejò tí ń dé ibẹ̀ a máa gbójú sókè wo ilé ìsìn ńlá tí a ń pè ní York Minster, wọn a sì yin ọwọ́ àwọn tí ó fi òkúta kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ kí ẹ bá wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Ouse tí ó la ìlú náà já, kí ẹ sì tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí ohun tí a fẹ́ fi hàn yín kò ju koríko lásán lọ lójú ẹni tí ń kánjú.

Láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó tọ odò lọ síhà pápá Rawcliffe yóò rí ewéko kan tí ó hù ní agbo-agbo, tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 5. Tánsì ni orúkọ rẹ̀. Ewé rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ìyẹ́ ẹyẹ; òdòdó rẹ̀ rí roboto bí bọ́tìnì ẹ̀wù, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ti ìyeyè tí ó pọ́n. Bí a bá fi ìka ra ewé náà, òórùn tí ń jáde le bí ti káfúrà.

Àwọn onímọ̀ sọ pé láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, athanasia, ni orúkọ yìí ti wá, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe “àìkú”. Bẹ́ẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ kì í tètè rọ. Ní ayé àtijọ́, wọn a máa fi í sínú pósí òkú. Wọn a máa fi í pa ẹran mọ́ lọ́wọ́ eṣinṣin. Àti ní àkókò Àjíǹde, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa po ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ mọ́ ẹyin láti fi ṣe àkàrà, ní ìrántí ewé kíkorò ti Ìrékọjá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí ni ẹ̀dá kékeré kan tí ń gbé orí rẹ̀. Kòkòrò ni, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 10, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán ní àwọ̀ ewé tí a fi bàbà là. Ní bèbè odò Ouse, tánsì ni ilé rẹ̀, òun náà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, a rò pé kò kù níbòmíràn ní Britain mọ́, títí a fi tún rí i ní ẹrọ̀fọ̀ Woodwalton ní Cambridgeshire ní ọdún 2014. Kì í sábà fò. Bí agbo tánsì tí ó wà bá run, ẹsẹ̀ ni yóò fi wá òmíràn kiri. Ewéko àjèjì kan láti òkè Himalaya, tí a mú wọ Britain ní ọdún 1839, ń hù bo bèbè odò, ó sì ń ṣíji bo tánsì. Ìdí nìyí tí àwọn kan ní York fi ń gbin tánsì sí etí odò, kí kòkòrò náà má baà pa run.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ó ṣí kúrò ní Yúróòpù ni ó gbé tánsì lọ síbẹ̀ fún ọgbà àti oògùn. Ààyè gba Tápà, ó kọ́lé Igúnnu: tánsì jáde nínú ọgbà, ó gba pápá ẹran ọ̀sìn, òfin ìpínlẹ̀ Washington àti Montana sì kà á kún èpò búburú.

Nítorí náà, ẹni tí ń gbé ilẹ̀ òtútù tí ó sì fẹ́ gbìn ín, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bí òfin ibẹ̀ ti wí, kí ó sì kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, ibi tí oòrùn ń dé, tí omi kì í dúró sí, ni kí ó yàn.

Èkejì, ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, kí ó fọ́n irúgbìn sórí ilẹ̀, kí ó rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tàbí kí ó la gbòǹgbò àgbà sí wẹ́wẹ́. Kí ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín wọn. Nígbà òtútù, igi rẹ̀ yóò gbẹ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò yóò tún rú ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, gbòǹgbò náà a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀. Inú ìkòkò ni kí ó gbìn ín sí bí ọgbà bá kéré, kí ó sì gé òdòdó rẹ̀ kí ó tó so èso.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe se é mu, ẹ má sì fún ọmọ mu. Láyé àtijọ́, wọ́n fi lé aràn, àwọn mìíràn sì fi ṣẹ́ oyún. Ṣùgbọ́n májèlé wà nínú òróró rẹ̀, ó sì ti pa ènìyàn.

Àìkú ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e ní York lè kú tán. Kí ẹni tí ó ní ilẹ̀ ní bèbè odò náà tó hú koríko, kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bóyá nǹkan ń jẹun lórí rẹ̀.