Múrí Ìyá Onígààrí

Lọ́jọ́ tí ìyá onígààrí kan ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ń lọ sílé ọkọ ní 1978, bàbá rẹ̀ ká Múrí kan lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, má ná an o, àfi bí ọ̀ràn bá dé." Múrí, ìyẹn náírà 20 tó ní àwòrán Ọ̀gágun Murtala Mohammed, jáde ní oṣù kejì 1977, òun sì ni baba owó nígbà náà. Ìyá tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí. Nígbà tí ìjọba Buhari pààrọ̀ àwọ̀ owó ní 1984, ara ọmọ rẹ̀ ò yá, kò rántí Múrí. Ìgbà tó máa fi rántí, owó ti di bébà lásán.

Ní 2005, náírà 1,000 dé. Ìyá tún bẹ̀rẹ̀! Bó bá tajà, á yọ ọ̀kan sínú kóló, torí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ kọ́ síwájú ilé. Nígbà náà, náírà 5 ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ẹgbẹ̀rún kan á ra igba. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti di náírà 50. Ogún péré nìyẹn.

Ní 2012, Sanusi, ọ̀gá Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, fẹ́ tẹ náírà 5,000. Ariwo ta pé yóò sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, Ààrẹ Jonathan sì dá a dúró. Ó dáa, owó ò dé. Ṣé ọjà wá rọ̀? Ọ̀wọ́n gógó ló ń bí owó ńlá. Àwọn tó pariwo yẹn ń na ọmọ, wọ́n fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n ní owó àtijọ́ fẹ́ kú. Ìyá ní ti Múrí ò ní ṣẹlẹ̀ sóun lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọ́ kóló, ó tò sórí ìlà ní báńkì láti ìdájí: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà. Wọ́n gbà á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ nígbà tó fẹ́ gbà á jáde, wọ́n ní kò sí owó. Lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dá a ní oṣù kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́, tìrẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bíríkìlà ṣírò ṣọ́ọ̀bù fún un. Kò tó ìpìlẹ̀.

Gààrí náà ló ṣì ń tà níta. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí wọn ò kúkú tẹ ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún?" Ìyá wọlé, ó yọ Múrí jáde lábẹ́ aṣọ òkè, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Gbà, máa fi ṣeré. Èyí náà tóbi nígbà tí bàbá mi fún mi."