Rọ́bà Inú Àpò Agbádá

Àìsàn tí ó bá mú àgbàlagbà ọkùnrin ní ibi ìkọ̀kọ̀ a máa ní ìyà méjì nínú: ìyà àìsàn náà fúnra rẹ̀, àti ìyà àìlèsọ ọ́ jáde. Prósítéètì, kókó kan tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, a máa wú bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà. Yóò fún ọ̀nà náà pọ̀, àpò ìtọ̀ yóò sì máa tiraka títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ pàápàá kì í tètè dá agbára náà padà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún bàbá kan ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gbé rọ́bà àti ọ̀rá tí ìtọ̀ ń kán sí kiri lábẹ́ ṣòkòtò. Wọn kò lọ sí ìrun Jímọ̀ mọ́. Wọ́n ní orúnkún ni ó ń yọ àwọn lẹ́nu. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ pé wọn yóò máa ti rọ́bà bọ ojú ìtọ̀ fúnra wọn, ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́, tí wọn yóò sì máa yọ ọ́ kúrò bí ìtọ̀ bá ti dà tán, wọ́n dìde, ó di ilé.

“Ọmọ mi, ṣé èmi ni n ó wá máa ṣe iṣẹ́ dókítà ni?”

Àwọn oníṣègùn pàápàá ti bẹ̀rù rẹ̀ rí. Èrò wọn ni pé ohun èlò tí a kò bá pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ní 1972 ni Jack Lapides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé bí ọwọ́ àti rọ́bà bá sáà ti mọ́, ó tó. Àlàyé rẹ̀ ni pé àpò ìtọ̀ tí ó kún àkúnjù, tí ẹ̀jẹ̀ kò rìn dáadáa lára rẹ̀ mọ́, ni kòkòrò ń rí bá jà. (Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀bùn o.)

Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá padà lọ. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, wọ́n fọ orí nǹkan ọmọkùnrin, wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì pa rọ́bà. Wọ́n gbé e sókè síhà ikùn kí ọ̀nà lè gún. Rọ́bà dé ibi prósítéètì, ó dúró. Wọ́n fẹ́ fi agbára tì í.

“Bàbá, ẹ má fipá tì í. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wúkọ́ díẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin àgbà ni ẹ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ara wọn dẹ̀, rọ́bà kọjá, ìtọ̀ dà. Wọ́n tì í síwájú díẹ̀ sí i, wọ́n dúró kí ó dà tán, wọ́n rọra fà á yọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé kò rọrùn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, bí ibà bá dé, tàbí bí rọ́bà bá kọ̀ jálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ. Wọ́n ń wọn ìtọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti ju 500 mìlílítà lọ lẹ́ẹ̀kan, àlàfo ti jìn jù nìyẹn. Owó rọ́bà ni ó wá ń dùn wọ́n jù.

Ní Jímọ̀ kẹta, wọ́n ṣe é nílé kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, wọ́n fi ọ̀kan tí wọn kò tíì tú sínú àpò agbádá, wọ́n jáde. Ọ̀rẹ́ wọn béèrè orúnkún. Wọ́n ní ó ti ń sàn.