Irin Tí Mo Hú Láìkọ Ibi Tó Wà

Ẹni tó bá ń wa tírélà gba Nebraska lọ sí ìwọ̀ oòrùn bíi tèmi yóò mọ̀ pé láti Grand Island títí dé North Platte, ẹ̀gbẹ́ odò Platte ni ọ̀nà I-80 ń bá lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ fún ọdún gbọọrọ ni pé ibẹ̀ náà làwọn aṣíkiri ayé ọjọ́un gbà, nígbà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ti Missouri lọ sí Oregon. Nǹkan bíi máìlì 15 ni wọ́n ń rìn lójúmọ́ tí nǹkan bá ṣẹnuure. Kí n tó mu kọfí mi tán, mo ti kọjá ìrìn ọjọ́ kan wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara lọ́jọ́ tí mo kà á lára pátákó kan níbi tí àwa awakọ̀ ti ń sinmi, kò sì pẹ́ tí mo fi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti wá ipa ọ̀nà náà kàn àti láti dáàbò bò ó ní Wyoming. Níbẹ̀ ni mo ti ba ohun tí kò ṣeé tún ṣe jẹ́. Àwọn ará ilé mi ò gbọ́ sí i. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé Bọ̀dá máa ń lọ rìn kiri nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn arúgbó òyìnbó.

Ọ̀nà Oregon gùn ju máìlì 2,000 lọ, láti Independence ní Missouri dé àfonífojì Willamette. Kí rélùwéè tó so ìlà oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ní 1869, àwọn òpìtàn fojú bù ú pé èèyàn tó lé ní 300,000 ló ti tọ̀ ọ́, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó yà sí California àti Utah. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rìn ín, torí ẹrù ló kún inú kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá dé Guernsey ní Wyoming, ẹ ó rí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti jẹ òkúta wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbòmíràn. Ẹ dúró sínú rẹ̀, òkúta á ga ju àyà yín lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ti Guernsey á rò pé kò sí wàhálà nínú wíwá ọ̀nà yìí, àfi kéèyàn máa tọ kòtò lọ.

Irọ́ ni. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ yanrìn, atẹ́gùn Wyoming, tí mi ò rí irú rẹ̀ rí níbòmíràn, ti gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn aṣíkiri ò tò lẹ́yìn ara wọn. Eruku ẹni iwájú kì í jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn mí, torí náà wọ́n á fẹ́ lọ sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀ bá ti gbà wọ́n láyè. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, irin nìkan ló kù tó lè sọ̀rọ̀: ìṣó onígun mẹ́rin, ojú ṣéènì tó já, òrùka ìjánu, àti bàtà màlúù. Pátákò màlúù là sí méjì, nítorí náà irin méjì ni wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ kan, mẹ́jọ fún màlúù kan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ihò ìṣó sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí i nílẹ̀ tí wọn ò sọ fún yín, ẹ ó rò pé abẹ ọ̀bẹ kan tó ti dógùn-ún ni.

Ẹ̀rọ tó ń wá irin la fi ń ṣe é, lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ bá ti fún wa láṣẹ. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ń darí wa. Gbogbo àwọn tó kù ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Èmi ò lè pe ẹni tó tó bí mi lórúkọ gàdàgbà bẹ́ẹ̀, Mà ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Òfin Mà kò le. Bí ẹ̀rọ bá ké, gbẹ́ ẹ wò, má mú un. Ri àsíá síbẹ̀. Fi GPS gba ojú ibẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, kọ bó ṣe jìn tó sínú fọ́ọ̀mù, kí o dá a padà sínú ihò rẹ̀. Ìṣó kan ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí wọ́n bá fi ogójì ìṣó sójú máàpù, kálukú níbi tó wà gan-an, wọ́n á fi ibi tí kẹ̀kẹ́ gbà hàn ọ́, bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, àti ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀nà àwọn òyìnbó. Mi ò sọ pé ọ̀nà rere ni o. Ilẹ̀ àwọn Lakota, Cheyenne àti Shoshone ló là kọjá, ó sì da ibi ìṣọdẹ wọn rú. Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú náà rìn ín. George Bush, kì í ṣe Ààrẹ o, George Washington Bush tó jẹ́ àgbẹ̀, kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà yìí ní 1844. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣòfin ní Oregon pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ gbébẹ̀. Bush àtàwọn tí wọ́n jọ rìn bá kọjá sí àríwá odò Columbia, wọ́n tẹ̀dó sí Tumwater, ní Washington òní. Ìtàn Bush ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí. Òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé ìtàn náà ló ń gùn mí. Èmi nìkan ni dúdú nínú ẹgbẹ́ wa, ó sì ń wù mí kí n mú nǹkan wá tí wọ́n á fi mọ̀ pé kì í ṣe pé mo kàn wá gbafẹ́.

Ọlọ́sìn màlúù kan ní ilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Casper, lápá ibi tí àwọn aṣíkiri ti ń wá Independence Rock lọ, àpáta tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lára bẹẹrẹbẹ. Lórí ilẹ̀ rẹ̀, òkè gẹ̀rẹ́ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò tóóró. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aṣíkiri kò sọ ju pé wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n sì dé ibi omi. Ṣé apá àríwá òkè náà ni wọ́n gbà ni àbí apá gúúsù? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Onílẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀tá wa. Ó fẹ́ la ọ̀nà tuntun lọ síbi omi màlúù rẹ̀, ó sì ti sọ fún Mà pé: ẹ fi ibi tó gbà hàn mí, màá yí ọ̀nà tèmi. Kò sí òfin tó fi dandan mú un sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ ti ka Ọ̀nà Oregon mọ́ àwọn ọ̀nà ìtàn orílẹ̀-èdè láti 1978, ṣùgbọ́n bó bá ti di orí ilẹ̀ aládàáni, inú rere onílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.

Mo ráyè ní àárín ọ̀sẹ̀ kan, mo bá ṣáájú àwọn tó kù dé ibẹ̀. Onílẹ̀ ní kí n máa lọ. Bí mo ṣe dé ibi gẹ̀rẹ́ náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni nǹkan ti ń já, tí bàtà màlúù ń bọ́. Èyí àkọ́kọ́ tí mo hú jáde, mo fi àtàǹpàkò nu yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ìṣó méjì ṣì wà nínú ihò rẹ̀, orí wọn ti jẹ pẹlẹbẹ. Orí mi wú. Fọ́ọ̀mù wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì jìnnà díẹ̀. Mo ní n ó rántí. Mo ní kí n hú mìíràn kún un, kí n tó lọ mú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ tún ké. Nígbà tí oòrùn fi máa yí, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo gbé dání ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mi ò tíì kọ ẹyọ kan. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n sì ṣe kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́, gbogbo ihò tí mo gbẹ́ ni mo dí padà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo da koríko bò ó. Mo dí wọn dáadáa débi pé nígbà tí mo padà wá, èmi fúnra mi ò rí ọ̀kan.

Nípàdé wa, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo to irin náà lé e. Gbogbo wọn dìde wá wò ó. Ẹnì kan tilẹ̀ gbá mi lẹ́yìn. Mà mú bàtà tó ní ìṣó méjì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bi mí ibi tí mo ti rí i. Mo fi ìka kan ibẹ̀ lórí máàpù. Lórí irú máàpù tí à ń lò, ìwọ̀n 1 sí 24,000, orí ìka mi nìkan bo ilẹ̀ tó ju mítà 300 lọ: apá àríwá òkè náà wà lábẹ́ ìka mi, apá gúúsù rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Mà ní kí n gbé ìka kúrò, kí n fi ṣóńṣó pẹ́ńsù kàn án. Mi ò lè kàn án. Mo ti yí òkè náà po lọ́jọ́ náà, tí mò ń tẹ̀ lé igbe ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà sì ni gbogbo irin náà dàpọ̀ sí.

A padà síbẹ̀, gbogbo wa, a fi okùn pín ilẹ̀ náà, a fi ẹ̀rọ gbá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ò ké dà bí alárà. Ìṣó kan níhìn-ín, agolo ayé òde òní kan lọ́hùn-ún. Mo ti ṣa ibẹ̀ mọ́. Ká ní mo jẹ́ ọ̀lẹ, ì bá ṣẹ́ kù fún wọn.

Mà ló lọ sọ fún onílẹ̀ pé a ò ní ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà lọ bá a nílé rẹ̀, mo ní n ó san àfikún owó katapílà kó lè yí ọ̀nà rẹ̀ kúrò níbi tí àwọn aṣíkiri gbà. Owó tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ilé bàbá mi ṣe ni mo ní lọ́kàn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn bi mí pé, "Ìhà wo ni kí n yà sí?" Mo dákẹ́. Ó gba ìhà gúúsù tó yá, katapílà sì gbá ibẹ̀ tẹ́jú.

Òfin ò mú mi. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, òfin ọdún 1979 wà tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mú irú ohun bẹ́ẹ̀ tó bá ti lé ní 100 ọdún láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ aládàáni ni, onílẹ̀ sì ní òun ò fẹ́ irin náà. Mo gbé e lọ sí mùsíọ́mù kan. Obìnrin tó gbà mí lálejò fara balẹ̀ wò wọ́n, ó ní wọ́n ní irú rẹ̀ rẹpẹtẹ, èyí tó ní àkọsílẹ̀ ni àwọn ń wá.

Àwọn tó ń ṣe máàpù ọ̀nà yìí ní ìlànà kan tí ẹgbẹ́ Oregon-California Trails Association gbé kalẹ̀. Ipò márùn-ún ló ní. Ipò kẹta ni ibi tí kò sí ipa kẹ̀kẹ́ mọ́ ní ojú ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí wà, irin tàbí ìwé tàbí ara òkúta, pé ibẹ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọlọ́sìn màlúù náà ń lọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ipò karùn-ún ni ibi tí a kàn fojú díwọ̀n. Mà ní èmi ni kí n kọ fọ́ọ̀mù ibẹ̀, pé kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ ọ́. Mo kọ 5. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí rẹ̀, mo kọ ọ́ pé wọ́n ti hú irin ibẹ̀ kúrò láìsí àkọsílẹ̀. Mà kà á, ó dá fọ́ọ̀mù náà padà fún mi, ó ní ta ni "wọ́n"? Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, mo sì kọ orúkọ mi síbẹ̀.