Ṣé Kí Àbúrò Wa Lọ Rojọ́ Fúnra Rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí gbogbo wa pé sí àgbàlá ìyá wa ní Kétu. A gbé fóònù lé orí odó tí a dojú rẹ̀ dé, kí ohùn àbúrò wa obìnrin tó wà ní Faransé lè dé etí olúkúlùkù. Ó kí ìyá wa, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti dàgbà sí, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó bèèrè bí òjò ṣe rọ̀ sí. Nígbà tí ìkíni parí, ó ní lẹ́tà ti dé láti ilé-ẹjọ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ òun. Òun lè wá fúnra òun. Òun lè rán ẹni tí òfin gbà láyè. Òun sì lè kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kí òun fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ó yẹ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹbí tó wà ní irú ipò yìí, ìbáà ṣe ní òkè òkun, ìbáà ṣe nílé níbí.

A bí àbúrò wa pẹ̀lú àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní drépanocytose. Ẹ̀jẹ̀ bàbá wa ru díẹ̀ nínú rẹ̀, ti ìyá wa náà ru díẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Nínú ọmọ márùn-ún, òun nìkan ló gba ti ọ̀tún tó tún gba ti òsì. A ṣì rántí àwọn òru tí ìyá wa ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, tí a ń tẹ̀lé e pẹ̀lú àtùpà, tí a sì ń kìlọ̀ fún ara wa pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún aládùúgbò ibi tí a ti ń bọ̀. Ó dàgbà, ó kàwé, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Faransé, ọkọ náà sì ti di olóògbé báyìí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni àrùn náà jẹ orí eegun itan rẹ̀ ọ̀tún. Eegun kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Bí iṣẹ́ ṣe parí nìyẹn.

Ní Faransé, òfin ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1975 ló dá owó ìrànwọ́ oṣooṣù tí wọ́n ń pè ní AAH sílẹ̀ fún àgbàlagbà tó ní àbọ̀ ara. Òfin ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2005 ló sì dá àwọn ọ́fíìsì tí ń jẹ́ MDPH sílẹ̀, níbi tí ìgbìmọ̀ kan ti ń wọn àìlera ènìyàn bí ẹni ń wọn àgbàdo lọ́jà. Bí ó bá tó 80 nínú 100, ọ̀nà là. Bí ó bá wà láàárín 50 sí 79, àfi kí ènìyàn fi hàn pé àìlera náà dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́ gidigidi, àti pé kì í ṣe fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá tó 50, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní ti àbúrò wa kò tó 50. Ó kọ̀wé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ọ́fíìsì náà láàárín oṣù méjì, bí òfin ṣe là á sílẹ̀; wọn kò yí ohùn padà. Ilé-ẹjọ́ ló kù. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti pa àwọn ilé-ẹjọ́ àkànṣe tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rẹ́, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní pôle social nínú ilé-ẹjọ́ tí tẹrú-tọmọ ń lọ. Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́ níbẹ̀, kò sì pọn dandan kí ènìyàn gba agbẹjọ́rò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iye AAH tó ga jù lọ di 1,016.05 yúrò lóṣù, èyí tó lé ní 666,000 sẹ́fà. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ ní àgbàlá, ẹnìkan nínú wa súfèé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000. Àbúrò wa gbọ́ súfèé náà. Ó ní owó ilé oníyàrá méjì tí òun àti ọmọ òun ń gbé nìkan ń jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Súfèé náà ṣì ń tì wá lójú.

Nílé níbí, a ní òfin nọ́ńbà 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tó sì dá ìwé tí wọ́n ń pè ní carte d'égalité des chances sílẹ̀. Owó oṣooṣù irú èyí kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀ a yára dámọ̀ràn. A ní kí ó má lọ.

Ìdí tí a sọ síta ni pé ọ̀nà jìn, ọkọ̀ ojú irin yóò ni itan rẹ̀ lára, ìwé àwọn oníṣègùn sì ti sọ ohun gbogbo tán. Ìdí tí a kò sọ síta ni ìtìjú. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń sọ pé ẹni òrìṣà ni arọ, abuké àti àfín, pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti ń sọ ọ́ náà ni a ti ń ti ọmọ mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé. A ti ṣe é fún àbúrò wa. Pé kí ó wá jókòó níwájú àjèjì mẹ́ta, kí ó máa ka ohun tí ara rẹ̀ kò lè ṣe mọ́, lójú tiwa, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń tú aṣọ ìdílé wa ní gbangba.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ó fi àwòrán ìwé tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Dókítà ọ́fíìsì náà ti rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: état général conservé. Ìyẹn ni pé ara rẹ̀ le. A bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun wẹ̀, òun wọ àǹkárá tí ìyá wa fi ránṣẹ́, òun di gèlè. Nígbà tí dókítà sì bèèrè pé "Ça va?", òun dáhùn pé "Ça va, on rend grâce."

Kí ni ọmọ Kétu ìbá tún sọ? Bí wọ́n bá bi ni pé ṣé àlàáfíà ni, a dúpẹ́ ni ìdáhùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó lánàá yóò kọ́kọ́ sọ pé a dúpẹ́, kó tó wá sọ pé ilé jó. Ìkíni ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìkíni sílẹ̀ bí ìdáhùn, ó sì pa fáìlì dé.

Ibẹ̀ ni ọkàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìwé ti sọ̀rọ̀ nípò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò sì rí ẹ̀tọ́ gbà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wa ní òun yóò gba físà, òun yóò lọ sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé, níbi tí àgbà ìdílé ti máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Àbúrò wa wo inú òfin. Ẹni tó lè rọ́pò ènìyàn níbẹ̀ ni ọkọ tàbí aya, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé bíi tọkọtaya, òbí, ọmọ, agbẹjọ́rò, àti aṣojú ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. A ní kí ó tún un kà, ó tún un kà. Ìyá wa, tí kò gbọ́ Faransé ju bonjour lọ, lẹ́tọ̀ọ́. Àwa tí a gbọ́ ọ kò lẹ́tọ̀ọ́. Inú ìyá wa dùn sí òfin náà púpọ̀. Ọmọ àbúrò wa, ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́tọ̀ọ́ pẹ̀lú, ó sì gbà láti lọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ìyá rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn.

Ẹ̀rù mìíràn tún dìde. Àrùn yìí kì í wà bákan náà lójoojúmọ́. Ó lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí onítọ̀hún tún máa rìn lọ́jọ́bọ̀. Bí ọjọ́ ẹjọ́ bá bọ́ sí ọjọ́ tí ara tù ú ńkọ́? Ọ̀kan nínú wa ní kí ó má wẹ̀, kí ó má di gèlè, kí ó sì mú ọ̀pá méjì dání dípò ẹyọ kan. A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá kan ni mò ń lò. Bí mo bá mú méjì lọ, irọ́ ni ọ̀kan." Ó pa fóònù. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò gbé ìpè wa.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ìyá wa ló sọ ọ́ dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ni ẹnìkejì tí ẹ fẹ́ kí adájọ́ gbọ́, bí ọmọ mi bá jókòó sílé?"

Ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara tó ń ràn án lọ́wọ́ ní ìlú rẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé, bóyá ó lọ bóyá kò lọ, kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó sì máa kọ ohun tó ṣe àti ohun tí kò lè ṣe sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí ó má kọ ìrora nìkan, nítorí kò sí ẹni tó lè rí ìrora; kí ó kọ ohun tí ìrora náà dí lọ́wọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á fún wa lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Bàtà tí kò ní okùn ló ń wọ̀, nítorí kò lè tẹ̀ ba mọ́. Ìdí ló fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ní ìdájí kí àwọn aládùúgbò tó jí. Lọ́jọ́ tí ara bá tù ú, ó máa ń rọ omi sínú ìgò, ó ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn de àwọn ọjọ́ tí kò ní lè dé ilé ìdáná. Nínú òru mẹ́rìnlá, márùn-ún ni kò sùn rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló se oúnjẹ. Búrẹ́dì ni èyí tó kù.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a ti ń pè é ní ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìgbà ni a ń bi í pé ṣé dáadáa ni, gbogbo ìgbà ni ó ń sọ pé a dúpẹ́. A ti ń bínú sí dókítà tó rí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwa ńkọ́?

Kò tún sí ẹni tó ní kí ó má lọ lẹ́yìn náà, kò sì dúró de ìyọ̀ǹda wa mọ́. Agbẹjọ́rò kan tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún ẹni tí kò ní lọ́wọ́ yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sẹ́yìn. Ìwé àwọn oníṣègùn ti dé ọ̀dọ̀ ilé-ẹjọ́ àti ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Bí àrùn bá sì kọlù ú ní òwúrọ̀, agbẹjọ́rò yóò mú ìwé dókítà lọ láti bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá kàn, ẹ má gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn yìí.

Ó wẹ̀, ó sì di gèlè. Ó ní bí òun ṣe ń jáde nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó ròyìn fún wa. Dókítà tí ilé-ẹjọ́ yàn yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì kánjú. Nígbà tó padà síwájú àwọn mẹ́ta náà, adájọ́ tó jókòó láàárín bèèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ní a dúpẹ́ ti dé orí ahọ́n òun. Ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ní ilé wa, bí wọ́n bá bi wá báyìí, ohun tí a ń sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un dáhùn." Ó ṣí ìwé kékeré náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

Wọ́n ti dá ọjọ́ tí ìdájọ́ yóò jáde. Kò tíì pé bí a ti ń kọ èyí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá a tún gbé fóònù lé orí odó. Ìyá wa kò bèèrè bóyá dáadáa ni. Ó ní, "Ibo ló ń dùn ọ́ lónìí?" Àbúrò wa dákẹ́ díẹ̀. Ó ní itan ọ̀tún ni, àti èjìká. Ìyá wa ní kí ó wá ibi jókòó sí ná, kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.