OHUN TÍ TẸLIFÍṢỌ̀N KÌ Í FI HÀN WÁ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé ìlú Ọba, iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá ni mo sì ń ṣe níbẹ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá wálé, bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kútọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ń jayé o! Ẹ ń wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún ń sanwó fún yín." Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Nígbà tí àwọn tó wá wòran bá ń jó, orí ìwé ni ojú tiwa ń wà, nítorí kí fèrè ìparí tó dún ni olóòtú ti ń retí ìròyìn.

Ohun tó dára lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó, n kò ní fi bò. Bí wọ́n bá ní agogo mẹ́ta ni eré yóò bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́ta náà ni. Bí ọmọdé bá ń kọ́ bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá, ó gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni èèyàn ti lè gbé ọdún mẹ́ta láìmọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé wa. Owó ilé, owó iná, owó ọkọ̀, gbogbo wọn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí owó oṣù tó wọlé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni tẹlifíṣọ̀n kì í fi hàn. Ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

ỌMỌKÙNRIN TÍ MO PÀDÉ NÍ NANTES

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 1998, mo wà ní ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Nàìjíríà ti na Sípéènì pẹ̀lú góòlù 3 sí 2 nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Mutiu Adepoju gbá ọ̀kan wọlé, Sunday Oliseh sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé láti òkèèrè. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí ń dì mọ́ ara wọn. Bí mo ti jáde kúrò ní pápá ni mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbá pọ́ńbélé lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin kan ni, kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Kò rówó wọlé. Ìta ló ti ń gbọ́ ariwo wa. Mo bi í léèrè ibi tó ti wá, ó ní ọmọ Ìtòkú ni òun.

Ó rò fún mi. Ọdún méjì ṣáájú ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù wá bá ìyá rẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ ńlá kan ń dúró de ọmọ náà ní Faransé. Ìyá kó owó ọjà àdìrẹ rẹ̀ lélẹ̀, ó tún ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Paris, ọkùnrin náà fi òun àti ọmọ méjì mìíràn sí òtẹ́ẹ̀lì, ó gba ìwé ìrìnnà wọn, ó ní òun ń lọ rí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà. Àlọ rẹ̀ ni wọ́n rí, wọn kò rí àbọ̀. Ọjọ́ físà wọn kọjá. Abọ́ ni ọmọ náà ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ, orí ilẹ̀ ló sì ń sùn nínú yàrá tí àwọn mẹ́fà jọ háyà. Síbẹ̀, bó bá ti pe ilé, ohun tó ń sọ ni pé òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Bọ̀dá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá mi."

Mo dá a lóhùn pé èmi kọ́ ni yóò sọ, òun fúnra rẹ̀ ni, kí ó má sì jẹ́ kó pẹ́.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ ALÁDÌRẸ

Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, mo wálé, mo sì yà kí ìyá náà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ìwé ìròyìn eré ìdárayá ló kún inú rẹ̀. Ìyá yìí kò mọ̀wé. Ọmọ aládùúgbò ló ń kà á fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń kọ̀wé nípa bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí wọn kì í dárúkọ ọmọ mi?"

Mo ní, "Ìyá mi, ọmọ yín wà láàyè, mo fojú mi rí i. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá yín sọ ìyókù." Ìyá wò mí títí, ó di ẹnu àpò náà, ó sì tì í padà sí àyè rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọmọ náà, mo sì sọ ohun tí mo rí nínú àpò fún un. Ó sunkún. Ní ọjọ́ kejì, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Èsì ìyá kò gùn: "Ṣé ara rẹ le? Ilẹ̀ ló lọ, ìwọ kò lọ. Máa bọ̀ nílé."

Ó padà wálé ní ọdún 1999, ó kọ́ iṣẹ́ wáyà iná, ó sì ti di baálé ilé. A kò gbúròó àwọn méjì yòókù mọ́.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ GBỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ní ọdún 2000, Jean-Claude Mbvoumin, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù rí, dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní Faransé nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, láti ọdún 2001 ni òfin FIFA kò ti gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin náà là sílẹ̀.

Èkejì, láti ọdún 2023, FIFA tún ti mú ìdánwò àti ìwé àṣẹ padà fún àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ FIFA.

Ẹ̀kẹta, ẹ kàn sí ẹgbẹ́ tó ní òun ń mú ọmọ lọ fúnra yín, kí ẹ tó ta ohunkóhun. Bí ó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni kí ọ̀tá má bàa gbọ́, ẹ tètè sọ fún àwọn àgbà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìbéèrè, òun gan-an ni kí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Mudaṣiru Lawal. Ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn ni wọ́n bá gba ife Áfíríkà ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980, ní Sùúrùlérè, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Lawal gbá ọ̀kan, Nàìjíríà sì na Àlùjíríà ní 3 sí 0. Ilé ni wọ́n ti di olókìkí, Ọdẹ́gbàmí sì kàwé ní Pólì Ìbàdàn pẹ̀lú.

N kò sọ pé kí ọmọ má rìnrìn àjò. Èmi náà rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ̀ kó tó lọ pé bí ọ̀nà kò bá là, ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà lókè òkun tí ìtìjú ń dè mọ́lẹ̀ ju àìní ìwé lọ. Bí ẹ bá ní ọ̀kan níbẹ̀, ẹ pè é lónìí, kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè owó.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lájò.