Ọ̀gá Lọ, Ọ̀gá Dé

Bí ìwé bá ti olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Àkúrẹ́ dé pé kí ọ̀gá kan kúrò ní Ìfọ́n kí ó lọ sí ibòmíràn, kì í pẹ́ tí yóò fi di ẹrù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yóò ta èyí tí kò ṣe é gbé nínú ohun èlò ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé-ìwé. Àwọn ará àdúgbò yóò wá kí i pé ó di ìgbà kan ná, ọkọ̀ yóò sì kó àpótí, ibùsùn àti ìkòkò lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọkọ̀ náà ń gbé lọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ojú rí, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá náà kí ó tó jókòó sínú ọkọ̀. Ohun náà ni gbogbo ohun tí ó ti mọ̀ nípa ìlú náà láti ọdún mẹ́ta tí ó ti ń gbé ibẹ̀.

Ó mọ̀ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn oko kòkó kan, tí ó já sí etí odò Ọ̀sẹ́. Ó mọ ìdílé méjì tí wọ́n ń jà nítorí ààlà ilẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìjà náà kì í ru sókè àfi nígbà tí a bá ń múra àtidáko. Ó mọ awakọ̀ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ bí ó bá rí ọlọ́pàá. Ó mọ ìyá kan ní ọjà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Èyí tí ó ṣe iyebíye jù lọ ni pé àwọn ènìyàn náà mọ òun pẹ̀lú. Ọ̀gá tuntun yóò dé, yóò jókòó sórí àga kan náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé níbo ni ọ̀nà yìí já sí.

Ìwé wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, òótọ́ ni. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ yóò sọ pé ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, lágbájá wá fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n jí ewúrẹ́ òun. Kò ní sọ pé ewúrẹ́ kẹta nìyí tí ó ti sọnù ní ẹ̀bá ọ̀nà kan náà láti ìgbà tí ilé àlòkù kan ní ìdí ibẹ̀ ti rí ẹni gbé inú rẹ̀. Orí ọ̀gá tí ó lọ ni ìyẹn wà. Orúkọ tí Yorùbá sọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, ọlọ́pàá, ọ̀pá tí ó wà ní ọwọ́ wọn ni ó ń sọ. Kò sọ ohun kan nípa èyí tí ó wà ní inú orí wọn.

Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí àlejò lè mọ̀ ní ọjọ́ kan. Oríta ni Ọ̀wọ̀ jẹ́. Ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ̀ ọ́, ọ̀nà Ìkàrẹ́ àti ilẹ̀ Àkókó wọ̀ ọ́, ọ̀nà tí ó gba Ìfọ́n lọ sí Benin sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọrí sí Ìfọ́n, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, yóò rí i bí igbó ti ń dí sí i. Igbó tí ìjọba pa àlà sí wà níbẹ̀, oko kòkó wà, abúlé tí kò ju ilé márùn-ún lọ sì wà ní ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Èdè pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀wọ̀ ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ tí ará Ìbàdàn kò lè tètè gbọ́, àwọn kan sì wà ní Ìdóàní tí wọ́n ń sọ Ìyàyú, èdè tí ó bá àwọn èdè ilẹ̀ Ẹdó tan ju Yorùbá lọ.

Ta ni ó wá pinnu pé àlejò ni kí ó máa ṣọ́ ìlú? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1861 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, wọ́n kó ọgbọ̀n ọkùnrin jọ láti máa ṣọ́ ìlú náà. Nígbà tí Glover di alákòóso, àwọn ọmọ Hausa ni ó ń gbà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀: ẹni tí kò ní ẹbí ní ìlú kò ní ẹni tí yóò ṣe ojúsàájú fún. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹbí ní ìlú kò ní ẹni tí yóò pè é sí kọ̀rọ̀ sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún un.

Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn wọ̀nyí, àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá tiwọn ní ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìlú ni wọ́n. Wọ́n mọ baba olè kí wọ́n tó mọ olè, kò sì sí ilé tí wọn kò mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀. Ìmọ̀ yìí kan náà ni a wá fi ṣe ibi. Nígbà tí ìjà òṣèlú gba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn kan, pàápàá lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965, tí a ń sun ilé, tí a sì ń sun ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ti di irinṣẹ́ ní ọwọ́ àwọn olóṣèlú. Ẹni tí ó mọ ilé gbogbo ènìyàn mọ ilé alátakò pẹ̀lú. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ọlọ́pàá náà ká, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó di ọdún 1972 a ti pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá ń kẹ́dùn wọn lónìí, kí ó má ṣe gbàgbé ọdún 1965. Síbẹ̀, nígbà tí àgbà ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kan bá bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó gba ilé rẹ̀ lọ, ìmọ̀ ogún ọdún ni ó bá a lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ni oògùn rẹ̀: kí a ṣá ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní London fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Adolf Beck ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Norway ni. Ní ọdún 1895, wọ́n mú un pé ó ń fi ẹ̀tàn gba ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin náà wá wò ó, wọ́n ní òun ni. Ọlọ́pàá kan tí ó ti fẹ̀yìntì sì búra pé òun náà ni ọkùnrin tí a rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1877 nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, tí ó ń jẹ́ John Smith. Wọ́n sọ Beck sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n nípa Smith wà ní ibi tí ó wà, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé ẹni tí a kọ ní ilà ni Smith. Aláìkọlà ni Beck. Kò sí ẹni tí ó ṣí ìwé náà wò. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ wá ṣí i ní ọdún 1898, tí wọ́n sì rí i, nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n Beck nìkan ni wọ́n pààrọ̀, wọn kò tú u sílẹ̀. Ó jáde ní ọdún 1901. Ní ọdún 1904 wọ́n tún mú un, wọ́n tún dá a lẹ́bi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ tẹ Smith gan-an níbi tí ó ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nígbà tí Beck ṣì wà ní àtìmọ́lé tí ó ń dúró de ìdájọ́.

Ìtàn yìí yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú àwọn obìnrin ṣìnà, orí àgbà ọlọ́pàá ṣìnà. Ìwé nìkan ni kò ṣìnà, òun ni a kò sì bi léèrè. Ọdún 1901 tí Beck jáde gan-an ni Edward Henry, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ní Bengal ní ilẹ̀ India, dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní Scotland Yard, olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá London. Ọmọ ilẹ̀ India méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá lórí bí a ó ti to àwọn ìtẹ̀ka náà sí ìsọ̀rí 1,024. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ London a máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti wo ojú àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, bóyá wọn yóò rí ẹni tí wọ́n mọ̀ rí nínú wọn. Ìtẹ̀ka ti wà lára ènìyàn láti ìgbà tí a ti dá ayé. Títò tí a tò ó ni ó jẹ́ kí akọ̀wé tí ó gba iṣẹ́ lánàá lè rí ohun tí ẹlòmíràn rí ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Ìmọ̀ kan wà nínú igbó Ọ̀sẹ́ tí kò ṣe é tò sínú àpótí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ó bá wọ igbó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ a máa wo ìrì lára koríko. Bí ìrì bá ti gbọ̀n dànù ní ojú ọ̀nà, ẹnìkan ti kọjá lẹ́yìn tí ìrì sẹ̀. A fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú láti mọ̀ bí iná náà ti pẹ́ tó. Ó mọ ipasẹ̀ àgbẹ̀ tí ó ru ẹrù yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń sá. Bí a bá fún un ní gègé pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ni yóò rín. Inú ìwé kọ́ ni ó ti kọ́ ọ. Ó ru àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá kò sì fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sí orí ẹnì kan ṣoṣo rí. Odù Ifá jẹ́ 256, ọmọ awo a sì máa pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dá dúró. Bí àwọn awo bá péjọ, tí ọ̀kan nínú wọn ṣi ẹsẹ̀ kan pè, àwọn yòókù yóò dá a dúró. Ní ààfin Ọ̀yọ́, arókin kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá kú, ìtàn ìlú wà lẹ́nu àwọn tí ó kù.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹta, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀, fi ọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Wọ́n gba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ọdẹ sí i, nítorí pé wọ́n mọ igbó. Bí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ padà wá nìyẹn, ìbẹ̀rù ọdún 1965 sì wà lọ́kàn àwọn tí ó rántí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, nígbà tí wọ́n ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí ààfin wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn kọ lu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀. Ó kéré tán, ogójì ènìyàn ni ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìwé kan tàbí ọ̀rọ̀ kan ì bá ti yẹ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀: ta ni ó rí àjèjì, ta ni ó sọ fún, níbo ni ọ̀rọ̀ náà sì sùn sí? Àgọ́ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ti Àmọ̀tẹ́kùn, ìwé wọn yàtọ̀, ọ̀gá wọn yàtọ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn ìkọlù náà, ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìjọsìn àti ibi tí èrò ń pé sí fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣọ́ àyíká wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yóò rí ojú, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ojú náà kì í ṣe ti ará àdúgbò bí kò bá sí ará àdúgbò tí yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí yóò sọ ọ́ sì ń bẹ̀rù. Kí a rántí ìyá ọjà tí ọ̀gá àtijọ́ mọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i pé ẹni tí a kò mọ̀ ń ra oúnjẹ tí ó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ, tí ó sì ń gbé e gba ọ̀nà oko lọ. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá nítorí pé láti ọdún mẹ́ta, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹnu ẹlòmíràn. Bí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ọtí ní ìrọ̀lẹ́, kò ní sọ òmíràn mọ́ láéláé. Ó tilẹ̀ lè má wà láàyè láti sọ ọ́. Nítorí náà ọ̀gá tí ń lọ ní láti kọ ohun tí ó ṣe é kọ: ọ̀nà ẹsẹ̀, ìjà ààlà, ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí kò ṣe é kọ, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Bí a bá lè fún òun àti ẹni tí ń bọ̀ ní ọjọ́ méje péré pọ̀, yóò mú un dé ààfin, yóò mú un dé ọ̀dọ̀ olórí ọdẹ, yóò mú un gba ẹ̀yìn oko kòkó dé etí odò Ọ̀sẹ́. Ní ọjọ́ ọjà, láìwọ aṣọ iṣẹ́, àwọn méjèèjì yóò yà ní ìdí ìsọ̀ ìyá náà bí ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o," ni ọ̀gá tí ń lọ yóò wí. "Ẹni tí ó gba ipò mi nìyí. Bí ẹ ti ń ṣe sí mi, kí ẹ máa ṣe sí i bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà yóò wo àlejò náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá," ni yóò dá a lóhùn, yóò ta iṣu fún un, yóò fi ẹyọ kan ṣe ènì, kò sì ní sọ ohun mìíràn ní ọjọ́ náà. Bí ọrún bá tún pé, tí ó bá rí i tí ó dá nìkan wá, ó lè jẹ́ pé ìgbà náà ni yóò sún àga kékeré kan sí i pé kí ó jókòó.