Páànù tí Ìyá Mi Ní Kí A Rà

Tamale, lápá àríwá Gáánà, ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí pọ̀ lọ́jà ibẹ̀ débi pé ọmọdé lè dàgbà kó má mọ̀ pé ẹ̀yìn odi lòun wà. Bàbá mi ń ta abẹ́rẹ́, òwú, dígí, títí dórí aṣọ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́. Ògiri ti dúró, òjò sì ń pa á lọ́dọọdún.

Lọ́dún tó ṣáájú wàhálà, ọjà tà gan-an. Bàbá fẹ́ fi èrè ibẹ̀ kó aṣọ sí i ní Kumasi. Ìyá mi ní rárá, kí a fi ra páànù.

"Ìyá Àkànní, ọjà ló ń bí owó. Kí ni páànù ń bí?"

"Bàbá Àkànní, ẹ gbọ́ ná. Ilé tí ò lórùlé, ewúrẹ́ ní í gbé e."

Bàbá ò fèsì. Ni Ìyá bá tú etí ìró wọn, wọ́n da owó ata tí wọ́n so síbẹ̀ sórí ẹní. Bàbá wò ó títí, wọ́n ka tiwọn kún un, wọ́n dì í sínú áńkáṣíìfù, wọ́n fi rán ará ilé wa kan tó ń lọ ṣọdún nílé.

Nígbà tó di ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi Gáánà sílẹ̀. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ pàápàá, ta ló níwèé? Aṣọ tí wọ́n rà lówó gọbọi di ohun tí wọ́n ń tà bí ẹni ta ẹ̀pà. Àwọn tó rajà láwìn kò yọjú mọ́. Bí bàbá mi bá ti kó aṣọ yẹn ni, bí yóò ṣe lọ nìyẹn. A gun ọkọ̀ akẹ́rù, a gba Tógò àti Dàhòmì wálé, ogun abẹ́lé ò sì tíì parí ní Nàìjíríà.

Ilé wa ti lórùlé. Inú ẹ̀ la wọ̀ sí, a tún gba ìdílé mìíràn sí pálọ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tó lówó jù wọ́n lọ ní Tamale, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí ló sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín sọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Èmi lọ sílé ìwé láti ilé bàbá mi, mo sì di tíṣà. Ọ̀rọ̀ Busia ni gbogbo ayé ń rántí. Lójú tèmi, páànù yẹn ló pín wa níyà. (Bàbá ò gbà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú: àwọn ló kówó sílẹ̀, wọn a ní.)

Àwa tí ọdún náà ṣojú wa ti ń tán lọ. Bí ẹ bá lágbà kan nílé tó ti Gáánà bọ̀, ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n fowó ṣe lọ́dún tó ṣáájú, ta ló sì ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀?